Olùkọ́ Mi Di Gólì Mi

Òsì ni mo fi ń ṣe ohun gbogbo nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyẹn ló sì ń ba ìyá àgbà mi nínú jẹ́ jù lọ. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, ọwọ́ òsì mi ló ń kọ́kọ́ wọ inú àwo. Bí wọ́n bá fẹ́ rán mi níṣẹ́, ọwọ́ òsì ni mo máa nà. Ìyá àgbà á gbá ọwọ́ náà dànù, wọ́n á ní, "Ọkọ mi, ta lo fẹ́ fi ọwọ́ yẹn gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀?" Olórìṣà ni ìyá àgbà, Ògìyán ni wọ́n ń bọ, aṣọ funfun ni mo sì mọ̀ mọ́ wọn lára láti kékeré. Bàbá mi, tó jẹ́ ọmọ wọn, ti di mùsùlùmí kí wọ́n tó bí mi. Inú ilé kan náà ní Èjìgbò ni gbogbo wa jọ ń gbé, n kò sì gbọ́ ọ rí kí ẹ̀sìn dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìyá àti ọmọ. Bí Ògìyán bá ti ṣe tirẹ̀ tán, tí mọ́sálásí náà ṣe tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì mi ni àwọn méjèèjì á tún fi ohùn kan sọ.

Télọ̀ ni bàbá mi. Iwájú ilé ni wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wọn sí, lábẹ́ àtíbàbà onípáànù kan, ilẹ̀ gbalasa kan sì wà níwájú àtíbàbà náà tí àwa ọmọdé sọ di pápá. Ọsàn tí kò tíì pọ́n la fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ègé aṣọ nídìí ẹ̀rọ bàbá mi, a ó dì í mọ́ra, a ó wá fi rọ́bà tí a gé lára tíúbù kẹ̀kẹ́ wé e títí yóò fi rí rogodo. Bọ́ọ̀lù náà kì í fò, ṣùgbọ́n ó ń yí, ìyẹn náà sì tó wa. Ẹsẹ̀ òsì ni mo fi ń gbá a. Àwọn ẹgbẹ́ mi á máa ṣọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún mi bí ológbò ṣe ń ṣọ́ eku, kí wọ́n tó mọ̀, bọ́ọ̀lù ti gba ibòmíràn kọjá.

Nígbà tí mo dé kíláàsì kẹrin, mo bọ́ sọ́wọ́ tíṣà kan tó jẹ́ ọmọ Ìsúndùnrìn, ìlú kékeré kan nítòsí wa. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gùn wá síṣẹ́ láràárọ̀, eruku pupa á sì ti kùn wọ́n dé orúnkún. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga ni wọ́n nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lójú tiwa, àgbàlagbà pátápátá ni wọ́n. Tíṣà kò gbà kí ọmọ kankan fi ọwọ́ òsì kọ̀wé. Bí wọ́n bá ti bá ẹfun lọ́wọ́ òsì mi, pàṣán ti balẹ̀ sẹ́yìn ọwọ́ náà nìyẹn. Mo sunkún títí, ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí, ọwọ́ ọ̀tún mi ti mọ ìwé kọ, ìkọ̀wé náà sì rí gbágungbàgun títí di òní.

Tíṣà yìí kan náà ló ń kó wa lọ ṣeré lẹ́yìn ìwé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ kan tí mo ti gbá bọ́ọ̀lù kọjá láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ sáré lọ bá wọn.

"Tíṣà, ẹ wò ó o, òsì ló ń fi gbá bọ́ọ̀lù!"

Mo ti ń wo ibi tí pàṣán wà. Tíṣà wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, "Ọwọ́ ni mo bá wí. Ta ló bá ẹsẹ̀ wí?" Ni wọ́n bá bọ́ bàtà, wọ́n ká ṣòkòtò dé orúnkún, wọ́n lọ dúró sáàárín òkúta méjì tí a fi ṣe ojú ilé. "Ó yá, gbá a wá."

Mo gbá a, wọ́n mú un. Mo tún gbá a, wọ́n tún mú un. Ó pẹ́ tí a ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí èyí tó wọlé. Nígbà tó rẹ̀ mí, wọ́n pè mí sọ́dọ̀.

"Ṣé o mọ bí mo ṣe ń mọ ibi tó ń bọ̀?"

"Rárá, Tíṣà."

"Ojú ẹ ló ń sọ fún mi. Kó o tó gbá a, o ti wo ibẹ̀. Ọ̀tún ni kó o máa wò tó o bá fẹ́ gbá a sósì."

Ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni kọ́ mi nìyẹn. Ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé Tíṣà lọ sí ilé ìwé mìíràn lọ́nà jíjìn, n kò sì fojú kàn wọ́n mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíráma nígbà tí orílẹ̀-èdè wa gba òmìnira. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ òsì mi ti di ohun tí àwọn ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ wá sí pápá. Bí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀ lápá òsì, gbogbo ilé ìwé á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, "Òsì! Òsì!" Lọ́jọ́ kan, ariwo náà ta sí ìyá àgbà létí bí wọ́n ti ń bọ̀ láti ọjà. Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ya wọ pápá.

"Ta ló ń pe òṣì mọ́ ọmọ mi?"

Ọ̀rẹ́ mi kan dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ìyá, a ò pe òṣì o. Ẹsẹ̀ òsì ẹ̀ là ń kì."

Ìyá àgbà ronú sí i díẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa. Òsì ẹ̀ kò ní dòṣì." Wọ́n gbé ẹrù wọn, wọ́n ń bá tiwọn lọ. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń lọ gbá bọ́ọ̀lù, àdúrà tí wọ́n ń ṣe fún mi nìyẹn, n kò sì tún gbọ́ kí wọ́n bá ọwọ́ mi wí mọ́.

Bọ́ọ̀lù tí àwọn ará ìlú fi mọ̀ mí dájú ni èyí tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ gbá. Bàtà bọ́ọ̀lù ni gbogbo wọn wọ̀. Báńdéèjì tí a fi wé kókósẹ̀ ni tiwa, ẹsẹ̀ lásán ló kù. Bí wọ́n ti ń rìn wọ pápá, ìró bàtà wọn nìkan ti kó jìnnìjìnnì bá àwọn kan nínú wa. Kò pẹ́ tí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ tí ọ̀kan nínú wọn fi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, kò mọ̀ọ́mọ̀, èékánná àtàǹpàkò mi sì ṣí. Mo fi ewé nu ẹ̀jẹ̀ náà, mo sì padà wọlé. Ó kù díẹ̀ kí eré parí ni ẹnì kan ta bọ́ọ̀lù sí mi lápá òsì. Mo gbé e kọjá ẹni àkọ́kọ́, mo rí gólì wọn, ẹni tó ń ṣọ́lé, tó ń bọ̀ wá pàdé mi. Mo wo igun ọ̀tún dáadáa, bí ẹni pé nǹkan mi ló sọnù síbẹ̀. Gólì fò lọ síbẹ̀. Mo sì rọra gbá bọ́ọ̀lù sósì.

Wọ́n gbé mi sọ́rùn káàkiri. Láti orí ọrùn ni mo ti rí bàbá mi láàárín èrò, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn wọn. Títí di ọjọ́ náà, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé bọ́ọ̀lù kì í ṣe iṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n fi omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ ẹsẹ̀ mi.

"Ṣé àtàǹpàkò yìí lo fẹ́ máa fi jẹun?"

"Rárá, Bàbá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Wọ́n fi ègé aṣọ funfun kan wé e, wọ́n so ó, wọ́n tún un so. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n góòlù yẹn dára o."

Nígbà tí mo parí ilé ẹ̀kọ́ gíráma, mo gba iṣẹ́ tíṣà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìsúndùnrìn, láìtíì kọ́ṣẹ́ olùkọ́ rárá, bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe nígbà náà. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò láàárọ̀, mo ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Ìgbà náà ni àbúrò bàbá mi tí ń ṣòwò aṣọ ní Àbíjàn, tí a ń pè ní Bàbá Àbíjàn, wá sílé fún ọdún Iléyá. Kò sí agbo ilé kan ní Èjìgbò tí kò ní ènìyàn ní Àbíjàn, bí wọ́n bá sì wálé, ẹ ó mọ̀ lára bàtà wọn àti èdè Faransé tí wọ́n ń fi sí ọ̀rọ̀. Bọ́ọ̀lù ni Bàbá Àbíjàn fẹ́ràn ju owó lọ. Wọ́n tẹ̀lé mi lọ sí pápá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wò mí bí mo ti ń gbá a, ni wọ́n bá sọ fún bàbá mi lọ́jọ́ kejì pé àwọn fẹ́ mú mi dání.

"Ẹ̀gbọ́n, balọ́ọ̀n, bọ́ọ̀lù tiwa níbẹ̀ yẹn, iṣẹ́ ni o. Mo mọ ẹni tó ni ẹgbẹ́ kan. Tó bá ti rí ẹsẹ̀ ọmọ yìí, sé fíní, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn."

Bàbá mi kò gbé ojú kúrò lára aṣọ tí wọ́n ń rán. "Òun ló ni ẹsẹ̀. Òun ni kó o bi."

Wọ́n bi mí. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí n ronú sí i. Ká má parọ́, ọkàn mi ti dé Àbíjàn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. Mo ti rí ara mi nínú jẹ́sì aláwọ̀ méjì, pẹ̀lú èrò rẹpẹtẹ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kejì tí mo dé Ìsúndùnrìn, mo bá àwọn ọmọ kíláàsì mi lórí pápá, wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù dè mí. Ọmọdébìnrin kan wà láàárín wọn tó máa ń já wọ àárín àwọn ọkùnrin tipátipá. Ó gba bọ́ọ̀lù, ó wo ọ̀tún, ó gbá a sósì, bọ́ọ̀lù wọlé. Ó yíjú wò mí, kì í ṣe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń fò sókè ló wò, èmi ló wò. Mo pàtẹ́wọ́ fún un títí ọwọ́ fi ń ta mí. Èmi náà ti gbá góòlù púpọ̀ wọlé, kò sí èyí tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Mo padà sílé, mo sọ fún Bàbá Àbíjàn pé mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni mo fẹ́ lọ. Inú bí wọn títí di ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Sẹ tọ́ọ̀n afẹ́ẹ̀," ìyẹn ni pé tìẹ ni. Wọ́n fún mi ní bàtà bọ́ọ̀lù tuntun tí wọ́n ti rà fún mi tẹ́lẹ̀. Bàtà bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí mo ní nìyẹn, ó sì bó mi lẹ́sẹ̀ fún oṣù kan gbáko.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà wà lẹ́yìn ìlú Èjìgbò, lójú ọ̀nà tó lọ sí ìlú Ọlá. Mo kàwé níbẹ̀, mo gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, nígbà tí mo sì jáde, pírínsípà ní kí n dúró máa kọ́ni ní ilé ìwé kékeré tó wà nínú ọgbà, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ bí a ṣe ń kọ́ni. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ẹni tó ń mójú tó eré ìdárayá lọ sókè òkun láti kàwé sí i. Pírínsípà pè mí sí ọ́fíìsì wọn, wọ́n gbé fèrè kan lé mi lọ́wọ́.

"Bọ́ọ̀lù di tìrẹ láti òní lọ."

"Sà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ju mí lọ lọ́jọ́ orí."

"Fèrè kì í béèrè ọjọ́ orí."

Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà béèrè. Ẹ má gbàgbé pé kì í ṣe ọmọdé ló kún kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ nígbà náà. Àwọn tó ti kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ń padà wá gba ìwé ẹ̀rí tó ga sí i, wọ́n níyàwó, wọ́n bímọ, irùngbọ̀n wà lẹ́nu wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, mo fun fèrè, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sá yí pápá po." Kò sẹ́ni tó mira. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí wọ́n ti fi ṣe kápíténì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Kóòṣì, ẹ má bínú o. Àkọ́bí mi ló wá sí mi lọ́kàn bí mo ti ń wò yín."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Bí mo ti fẹ́ tún fun fèrè ni mo rí ẹnì kan tó jáde láti ẹ̀yìn wọn, gíga gbọ̀ngbọ̀n, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láìwo ẹnikẹ́ni. Bó ṣe ká ṣòkòtò náà ni mo fi dá a mọ̀. Tíṣà mi ni, tíṣà kíláàsì kẹrin. Ewú díẹ̀ ti wà létí wọn, wọ́n sì sanra díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ni. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì pápá, kápíténì náà mí kanlẹ̀, ó tẹ̀lé wọn, gbogbo àwọn yòókù sì tẹ̀lé e.

Nígbà tí eré parí, mo lọ bá wọn, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí koríko.

"Dìde, dìde," ni wọ́n wí. "Ẹni tó ni fèrè kì í dọ̀bálẹ̀ nínú pápá. Mo gbọ́ orúkọ rẹ láti ọjọ́ tí mo ti dé, mo ní kí n wò ó bóyá ìwọ náà ni."

"Tíṣà, báwo ni mo ṣe fẹ́ máa pàṣẹ fún yín?"

"Bó o ṣe ń pàṣẹ fún àwọn tó kù."

"N kò lè pè yín ní ìwọ láyé."

"Ta ló ní kó o pè mí ní ìwọ? Sọ pé 'ẹ sáré', n ó sáré. Pípe ènìyàn ní 'ẹ' kò dí ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Kóòṣì ni n ó máa pè ọ́ nínú pápá. Tí a bá ti jáde, ọmọ mi ni ọ́."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gólì ni Tíṣà, bí wọ́n ti ṣe láàárín òkúta méjì láyé àtijọ́. 'Ẹ' ni mo fi ń bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀, ọmọdé àti àgbà, kí n má baà máa yà wọ́n sọ́tọ̀. "Ẹ gbé e wá! Ẹ má sùn o, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ ṣeun, ẹ tún un ta!" Rẹfirí kan tó wá láti Òṣogbo sọ fún mi pé òun kò tíì rí ẹgbẹ́ tí wọ́n ń fi ọ̀wọ̀ bá wí tó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́, wọ́n sì ń sáré. Onírùngbọ̀n náà wá di ẹni tó ń kọ́kọ́ dé pápá.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀, orúnkún Tíṣà ni. Bọ́ọ̀lù tó bá wá lókè, wọ́n á mú un bí ẹni ń ká èso. Èyí tó bá gba ilẹ̀ lọ sí igun, ó ti kọjá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. A sì ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jẹ́ ọmọ Ọlá, ọ̀dọ́mọdé tí kò ju ogún ọdún lọ, tí ara rẹ̀ yá bí ológbò, àyà nìkan ni kò ní. Gbogbo wa rí i, kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí a bá kọ́lẹ́ẹ̀jì kan láti Òṣogbo gbá a, àwọn tí a kò tíì bá gbá kí wọ́n má nà wá rí, kápíténì wá bá mi.

"Kóòṣì, ojú àwa náà rí i. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ lẹ́nu ẹ̀."

Mo lọ sí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo bá Tíṣà níta, wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ ẹ̀wù.

"Tíṣà, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

"Kóòṣì ló fẹ́ sọ̀rọ̀ ni, àbí ọmọ mi?"

"Kóòṣì ni, sà."

Wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀.

Mo ní, "Ọmọ Ọlá yẹn ló máa ṣọ́lé lọ́jọ́ Sátidé."

Èéfín èédú ń rú láàárín wa. "Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Bọ́ọ̀lù ilẹ̀ ni. Ẹ kì í tètè dé ilẹ̀ mọ́."

"Mo gbọ́," ni wọ́n wí. Wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù, wọ́n ń bá ẹ̀wù wọn lọ. Mo dúró díẹ̀, mo rò pé wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ náà ṣàwàdà bí ìṣe wọn, ṣùgbọ́n wọn kò wò mí mọ́.

Wọn kò wá sí pápá lọ́jọ́ kejì, wọn kò sì wá lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e. Bí a bá pàdé lọ́nà kíláàsì, mo máa kí wọn, wọ́n máa dáhùn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oúnjẹ kò wù mí jẹ. Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo lọ sílé, mo sọ ọ́ fún bàbá mi lẹ́yìn ìrun. Mo rò pé wọ́n máa bá mi wí pé mo rí àgbà fín.

Wọ́n bi mí pé, "Ṣé ó dá ọ lójú pé ọmọ yẹn dára jù?"

"Ó dá mi lójú, Bàbá."

"Ó dun tíṣà rẹ nìyẹn. Jẹ́ kó dùn wọ́n. Ohun tá a fẹ́ràn ló ń dunni. Ṣá ti máa kí wọn lọ." Wọ́n sì ní kí n gbé abẹ́rẹ́ tó jábọ́ fún àwọn.

Ní ọjọ́ Sátidé, èrò kún pápá kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àwọn ará ìlú wá, àwọn ará Ọlá wá nítorí ọmọ wọn. Kò pẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ tí bọ́ọ̀lù kan tí kò lágbára fi yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ gólì wa, tó sì wọlé. Ẹ̀rù ti ba ọmọ náà, mo rí i láti ibi tí mo dúró sí. Mo fẹ́ sáré lọ bá a, kò sì sí bí mo ṣe lè wọ pápá. Nígbà tí n ó fi wo ẹ̀yìn àwọ̀n, Tíṣà ni mo rí níbẹ̀, nínú ẹ̀wù tí wọ́n lọ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n lóṣòó, wọ́n ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. N kò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yìn eré ni ọmọ náà sọ ọ́ fún mi: "Wọ́n ní kí n má wo ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀. Wọ́n ní ojú ẹ̀ ni kí n máa wò, pé ojú ẹ̀ máa sọ fún mi."

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ìdajì kejì, kápíténì wa fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé, irùngbọ̀n àti gbogbo rẹ̀, ó di ọ̀kan sí ọ̀kan. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí rẹfirí fun fèrè, ẹni tó lè gbá bọ́ọ̀lù jù lọ nínú àwọn ará Òṣogbo yọ, òun nìkan pẹ̀lú gólì. Ọmọ Ọlá kò sáré jáde, kò sì fò ní wàdùwàdù. Ó dúró, ó tẹjú mọ́ onítọ̀hún. Bọ́ọ̀lù gba ilẹ̀ lọ sí igun, ọmọ náà sì ti sùn lé e lórí.

Ọ̀mì la ta, ṣùgbọ́n ẹ ò bá rò pé a gba ife ẹ̀yẹ. Àwọn ará Ọlá gbé ọmọ wọn, wọ́n ń jó. Tíṣà rìn wá bá mi níbi tí mo ti ń kó bọ́ọ̀lù sínú àpò.

"Kóòṣì."

"Sà."

"Ó dùn mí o. N kò ní purọ́ fún ọ."

"Mo mọ̀, Tíṣà. Ẹ má bínú."

"Ó ṣì ń dùn mí díẹ̀." Wọ́n wo ojú ilé lọ́ọ̀ọ́kán. "Àmọ́ èyí tó mú gbẹ̀yìn yẹn, ká ní èmi ni, à bá ti máa sunkún báyìí." Wọ́n gbà mí ní àpò bọ́ọ̀lù náà lọ́wọ́, mo ní rárá, wọ́n ní kí n gbé e sílẹ̀, a sì jọ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọ̀kan lápá kan, a rìn lọ sí ilé oúnjẹ. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá ni wọ́n sè lọ́jọ́ náà. Mo jẹ tèmi tán, mo tún bu sí i.

Títí tí Tíṣà fi parí ẹ̀kọ́ wọn, àwọn ló ń kọ́ àwọn gólì wa, èmi ń mójú tó àwọn tó kù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi wọ́n ṣe ọ̀gá ilé ìwé kan ní Ọlá, a sì máa ń gbé àwọn ọmọ wa lọ bá tiwọn ṣeré. Ìgbà kan wà tí wọ́n nà wá, wọ́n fi ẹran ìgbẹ́ ṣe wá lálejò, wọ́n sì rán wa létí èsì náà ní gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ mú omi.

Ogun ń lọ lápá ìlà-oòrùn ní àwọn ọdún náà, rédíò ń sọ ọ́ láràárọ̀, a sì ń gbàdúrà fún àwọn tí a mọ̀ tí wọ́n wọ iṣẹ́ ológun. Ní tiwa níbẹ̀, ayé ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mo gbéyàwó, olùkọ́ àwọn ọmọ jéléósinmi nínú ọgbà kan náà. Kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù rárá, kò sì fi pa mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, á dúró lẹ́bàá pápá, á pè mí.

"Ta ló borí?"

"Kò sẹ́ni tó borí. A kàn ń kọ́ṣẹ́ ni."

"Gbogbo wákàtí yìí, kò sẹ́ni tó borí?" Á mi orí, á sì jókòó sórí koríko títí a ó fi parí.

Nírọ̀lẹ́ kan lásìkò òjò, ìkùukùu ṣú dẹ̀dẹ̀ bí a ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ló pọ̀ jù níbẹ̀, a kò tíì mọ ara wa tán. Gbogbo wa sá sábẹ́ igi máńgòrò. Òjò náà rọ̀, ó rọ̀, pápá di ẹrẹ̀, mo sì ti ń rò pé kí n ní kí wọ́n lọ sílé. Ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin kan tó ti tó bàbá mi, tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o, bọ́ bùbá rẹ̀, ó fi kọ́ ẹ̀ka igi.

Ó ní, "Kóòṣì, ṣé iyọ̀ ni wá ni?"

Mo wo ìyàwó mi tó di agboòrùn mú lẹ́bàá ọ̀nà, tó ń mi orí. Mo fun fèrè, gbogbo wa sì sáré wọ inú òjò.